Ọdún Tí A Fi Wo Ọ̀gá Ìdòwú

Ó máa ń rẹ̀ mí bí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ọ̀fọ̀ máa ń mú kí ọkàn ènìyàn rọ̀. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ nílé tiwọn. Nílé tiwa ní Ọ̀yọ́, lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú, ńṣe ni ọ̀fọ̀ sọ bàbá mi di ẹni tí ènìyàn á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí ó tó kí láàárọ̀. N kò sọ èyí láti fi bú u. Bàbá mi ti darúgbó báyìí, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, bí mo bá lọ kí i, á fọwọ́ pa etí aṣọ mi, á ní, "Ta ló rán irú èyí fún ọ?" Mo kàn fẹ́ sọ ọ́ bí ó ṣe rí ni. Bí mo bá sì fẹ́ sọ ọ́ bí ó ṣe rí, àfi kí n sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí kò sí láyé rí, ọ̀gá panápaná kan tó ń jẹ́ Ìdòwú, tí a máa ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Lára ọkùnrin yẹn ni gbogbo ilé wa ti ń sọ ohun tí a kò lè sọ lójú ara wa.

Télọ̀ ni bàbá mi. Súùtù ni iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an: súùtù ìgbéyàwó, súùtù àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti aṣọ àwọn akọrin ìjọ wa. Yàrá iwájú ilé wa lójú ọ̀nà Owódé ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà a kò mọ ibi tí ilé parí sí àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń jí mi láàárọ̀ ni ìró ẹ̀rọ ìránṣọ tí Bọ̀dá Làmídì á ti máa fẹsẹ̀ tẹ̀ kí oòrùn tó yọ dáadáa. Bọ̀dá Làmídì ni àgbà nínú àwọn òṣìṣẹ́ bàbá mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ó gba òmìnira, wọ́n gbàdúrà fún un, kò sì lọ. Ó ní níbo lòun fẹ́ lọ. Sísì Ràsídà ló tẹ̀ lé e, obìnrin kan tó máa ń kọrin sínú bó bá ń gán bọ́tìnì. Iṣẹ́ tèmi kí n tó lọ sílé ìwé ni láti gbá àjákù aṣọ, kí n ṣa abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, kí n sì ko iná èédú sínú áyọ́ọ̀nù, nítorí iná mànàmáná ìgbà náà, bó bá dé lónìí, ọ̀la dọwọ́ Ọlọ́run. Màmá ló ń dáná fún gbogbo wa nínú ìkòkò kan náà, ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, ẹ̀wà tàbí ẹ̀bà lọ́sàn-án, a ó sì pagbo sórí ẹní lẹ́yìn tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Orí oúnjẹ ni bàbá mi ti máa ń bá wọn dápàárá. Á ní Sísì Ràsídà ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ẹ̀bà. Á ní ọjọ́ tí Làmídì bá fẹ́ gbéyàwó, súùtù tí òun máa rán fún un, gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ á gbàgbé ìyàwó, ọkọ ni wọ́n á máa wò.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ọmọ ibẹ̀ náà ni Bọ̀dá Làmídì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onítẹ̀bọmi ni wá, mùsùlùmí sì ni òun. Yunifásítì tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Délé, ti ń kàwé. Òun ni àkọ́bí, èmi ni àbígbẹ̀yìn, kò sì sí ẹlòmíràn láàárín wa. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi rán Bọ̀dá Làmídì lọ sí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ fún oníbàárà kan láṣọ, ó ní kó yà wo Délé, kó fún un ní gàrí àti ẹ̀pà tí Màmá dì. Ó bá a lórí ibùsùn, ara rẹ̀ gbóná janjan, kò mọ ẹni tó wọlé. Bọ̀dá Làmídì ló gbé e dé ọsibítù, òun ló sì pe bàbá mi lórí fóònù pé, "Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀." Súùtù ìgbéyàwó kan ló wà lọ́wọ́ bàbá mi, ọkọ ìyàwó jókòó tì í, ó ń dúró gbà á. Ó ní kí Làmídì bá òun tọ́jú ọmọ náà, òun á gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí fóònù tún dún. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa igbe tí Màmá ké. Mo gbọ́ ọ nígbà yẹn, ó tó.

Nílẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ. Wọn kì í jẹ́ kó dé ibi tí wọ́n ti ń sin ín, wọn kì í fi ojú oórì hàn án, wọn kì í ròyìn bí wọ́n ṣe ṣe é fún un. Bọ̀dá Làmídì àti àwọn àgbà ìjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣe gbogbo ètò náà, nígbà tí bàbá mi jókòó sórí àga ní Ọ̀yọ́ tí àwọn ọkùnrin àdúgbò yí i ká bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. Nígbà tí Bọ̀dá Làmídì padà dé, Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo wà níbẹ̀, mo di ìró rẹ̀ mú.

"Làmídì, o káre," ó ní. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n fi irú ẹ̀ san án fún ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ẹ rí lọ́hùn-ún, o ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nínú ilé yìí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Ó sì pa ẹnu mọ́ lóòótọ́. Ọ̀wọ̀ ló kà á sí. Ní ti bàbá mi, ojoojúmọ́ ló ń wo ẹnu tó pa dé yẹn, ó sì gbà pé ẹjọ́ òun ló wà nínú rẹ̀, pé ọkùnrin yìí mọ̀ pé òun ní òun ń rán súùtù lọ́wọ́, ó kàn ń fi ojú sọ ọ́ ni. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń dúró de ara wọn, ọ̀kan ń dúró kí wọ́n bi òun, èkejì ń dúró kí wọ́n dá òun lẹ́bi. N kò mọ èyí nígbà náà. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé bàbá mi ti kórìíra Bọ̀dá Làmídì, n kò sì mọ ohun tó fi ṣẹ̀ ẹ́.

Gbogbo àdúgbò tó ń pe bàbá mi ní Bàbá Délé tẹ́lẹ̀ yí i padà sí Bàbá Mojí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe ìpàdé lé e lórí. Àánú ló mú wọn ṣe é, kí orúkọ náà má baà máa gún un. Ṣùgbọ́n mo rí bí ó ṣe máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, bí ẹni tí wọ́n pe ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú sì máa ń tì mí, nítorí orúkọ tèmi ni. Kò bá wa jẹun lórí ẹní mọ́. Màmá á bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀, á gbé e sórí tábìlì ìgéṣọ, bàbá mi á kọ ẹ̀yìn sí wa, á jẹ díẹ̀, á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún eṣinṣin. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá kí i pé "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá," á mú téèpù rẹ̀, á fi kọ́ ọrùn, á kọjá. Aṣọ tí Bọ̀dá Làmídì bá rán, á gbé e sójú fèrèsé, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fi abẹfẹ́lẹ́ tú u láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Tún un rán." Kò ní sọ ibi tó ti bàjẹ́. Bọ̀dá Làmídì á gbà á, á ní, "Ẹ má bínú, Ọ̀gá," á tún jókòó. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ìbá sàn kó bú u. Èmi náà ti ń darí àwọn olùkọ́ kan nílé ìwé báyìí, mo sì mọ bí ó ti rọrùn tó láti má dá ẹni tó kíni lóhùn. Kò gba agbára kankan. Bí ara bá ti rẹni, òun ló kọ́kọ́ máa ń yá.

Láàárín àkókò yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré Ọ̀gá Ìdòwú. Tẹlifíṣọ̀n wa wà ní ṣọ́ọ̀bù, lórí pẹpẹ tí òwú ń gbé, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa wò ó bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ọwọ́. Bí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ bá lé, tí iná bá sì wà, gbogbo wa á pé síbẹ̀, Màmá Àgbà lórí àpótí, Sísì Ràsídà pẹ̀lú bọ́tìnì rẹ̀, Bọ̀dá Làmídì nídìí áyọ́ọ̀nù, bàbá mi lẹ́yìn tábìlì bí ẹni tí kò wò ó. Eré náà kò díjú. Ọ̀gá ni Ìdòwú níbi iṣẹ́ àwọn panápaná ní ìlú kan. Lọ́jọ́ kan tó lọ pa iná ọjà, àìsàn kọlu ìyàwó rẹ̀ nílé. Káyọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ rẹ̀, ló sáré gbé obìnrin náà lọ sí ọsibítù, ọwọ́ Káyọ̀dé ló sì kú sí. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Ìdòwú ti yí padà sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá kí i, òkè orí wọn ló ń wò. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láìsọ nǹkan kan títí ẹ̀rín náà á fi kú mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n se oúnjẹ wá fún un, ó jẹ́ kó tutù. Ó ní kí Káyọ̀dé fọ ọkọ̀ tó ti fọ̀ tán, kó tún un fọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá jó níbikíbi, òun náà ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, á fọwọ́ ti àwọn yòókù sẹ́yìn pé kí wọ́n dúró níta. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Bí kò bá fẹ́ràn wọn, kí ló dé tí kì í jẹ́ kí wọ́n jóná?

Sísì Ràsídà kò gba tirẹ̀ rárá. "Ẹ wo bó ṣe lejú," á ní. "Àbí àwọn ló pa ìyàwó ẹ̀ ni?" Màmá Àgbà ní tirẹ̀ máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó wà nínú yàrá pẹ̀lú wa: "Ìdòwú, jẹun, ọmọ mi. Wọ́n mà se é dáadáa. Bí o bá febi pa ara ẹ, ṣé ìyẹn á jí i ni?" Bàbá mi nìkan ló ń gbèjà rẹ̀. Láìgbé orí sókè lórí aṣọ tó ń gé, á ní, "Ẹ fi ọkùnrin náà lọ́rùn sílẹ̀. Ó ń wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Kí ni wọ́n tún ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Lọ́jọ́ kan, Bọ̀dá Làmídì dáhùn láti ìdí áyọ́ọ̀nù. "Wọ́n kàn fẹ́ kó dá àwọn lóhùn ni, Ọ̀gá."

Nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fun fèrè ọkọ̀ panápaná. Bàbá mi ní, "Ta ló bi ọ́?" Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo wa ti mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí a bá dárúkọ Ìdòwú. Sísì Ràsídà sọ ọ́ di orúkọ. Bí bàbá mi bá ń bọ̀ láti inú ilé láàárọ̀, á rọra wí sí mi létí pé, "Ọ̀gá Ìdòwú ti jí o, ṣa abẹ́rẹ́ ẹ kíá." Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kan láìmọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni bàbá mi wà. Bàbá mi dúró. Ó ní, "Ọ̀gá Ìdòwú ní kí ẹ gbé bọ́tìnì dúdú wá." Sísì Ràsídà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ilẹ̀ lọ. Àpárá kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu bàbá mi ní gbogbo ọdún náà nìyẹn, kò sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀rù tó ń ba Màmá yàtọ̀ sí ti àwa tó kù. Mo mọ̀ nítorí pé mo bá a ṣa ẹ̀wà ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ẹ̀yìnkùlé, tí Màmá Àgbà sì ń sọ fún un pé àwọn ènìyàn Làmídì ti ń pè é kó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Takie, pé bó bá lọ, ṣọ́ọ̀bù wa ti parí nìyẹn. Màmá ò sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ èèpo kúrò lójú ẹ̀wà, ó ní, "Màmá, bí Làmídì bá lọ, ta ló kù nínú ilé yìí tó rí ọmọ mi gbẹ̀yìn? Mi ò ní bi í. Mo mọ̀ pé wọn kì í bi wọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì wà níbí, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú ilé. Bó bá lọ, ó gbé e lọ nìyẹn." Màmá Àgbà kàn ń fi ìka yí ẹ̀wà kiri nínú àwo. Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Bọ̀dá Làmídì. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀rọ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bóyá ó ṣì wà níbi tó wà.

Ọjọ́bọ̀ kan dé tí Káyọ̀dé inú eré lọ bá Ọ̀gá Ìdòwú nínú yàrá rẹ̀, ó bọ́ fìlà iṣẹ́ mọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí ìlú mìíràn. Ìdòwú ò wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Máa lọ." Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ eré náà. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Ẹni tó dúró ti ìyàwó ẹ̀ nígbà tóun ò sí nílé! Ẹni tó yẹ kó máa dọ̀bálẹ̀ fún!"

"O ò mọ nǹkan kan," bàbá mi dáhùn. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ ti dúró láàárín aṣọ. "Ṣé o rò pé kò mọ̀ ni? Bó bá ti fojú kàn án, ọjọ́ tóun ò tètè dé ló ń rí. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ta ló lè máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó tún máa rẹ́rìn-ín sí i?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Bọ̀dá Làmídì dúró gbọnin nídìí tábìlì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí áyọ́ọ̀nù, áyọ́ọ̀nù lórí ṣòkòtò olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, òórùn aṣọ tó ń jó ló sì kọ́kọ́ sọ fún wa pé kò gbé e kúrò. Bàbá mi fò dìde, ó já ṣòkòtò náà gbà, ó wo ojú jíjó náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. N kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Gbogbo ariwo tí kò pa láti ọjọ́ tí Délé ti kú ló pa lórí ṣòkòtò yẹn. Ó ní òun ò fẹ́ rí Làmídì nínú ṣọ́ọ̀bù òun mọ́. Ó ní kó kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sí Takie tó ń pè é.

"Mo ti gbọ́, Ọ̀gá," ni Bọ̀dá Làmídì wí. Ó da èédú inú áyọ́ọ̀nù nù síta, ó fi omi pa á, ó sì lọ sí yàrá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n aṣọ akọrin ìjọ wà nílẹ̀ tí kò tíì tán, Bọ̀dá Làmídì kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín. Ó ní òun á parí rẹ̀, òun á sì lọ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn jù. Màmá Àgbà bẹ bàbá mi, pásítọ̀ wa wá bẹ̀ ẹ́, bàbá mi ní òun ò lé ẹnikẹ́ni, pé ẹni tó bá fẹ́ lọ ló ń lọ. Bọ̀dá Làmídì ń rán aṣọ akọrin láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, bàbá mi kò sì tú ọ̀kankan nínú wọn. Ó ń gbà á, ó ń ká a, ó ń tò ó jọ. Mo rò pé inú mi á dùn bí wọn ò bá tú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò dùn. Ńṣe ló dà bíi pé ó ti kúrò láàárín wa.

Ọjọ́bọ̀ tún kò. Kò sí ẹni tó fẹ́ tan tẹlifíṣọ̀n, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló tàn án. Káyọ̀dé di ẹrù rẹ̀, ó bọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọ ọkọ̀. Ọ̀gá Ìdòwú dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ọkọ̀ náà títí kò fi rí i mọ́. Ó wá fa aṣọ fèrèsé dé, ó jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin ìparí. Bàbá mi ní, "Òmùgọ̀ ni." Ó pa tẹlifíṣọ̀n náà, ó sì wọlé lọ. Sísì Ràsídà wo Màmá, Màmá wo ilẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó máa gbé Bọ̀dá Làmídì lọ sí gáréèjì dúró síwájú ilé wa. Ó ti so ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, ó ti di báàgì rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Àgbà, ó kí Màmá, ó fọwọ́ bà mí lórí. Mò ń sunkún, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹkún. Ó wá dọ̀bálẹ̀ síwájú bàbá mi tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ọ̀gá, ẹ ṣé. Ẹ forí jì mí níbi tí mo bá ti ṣẹ̀ yín."

Bí òṣìṣẹ́ bá ń lọ, ọ̀gá ló máa ń gbàdúrà fún un. Gbogbo wa ń retí àdúrà náà, ó kéré tán. Bàbá mi la ẹnu.

"Làmídì," ó ní, "ṣé ó bèèrè mi?"

Màmá Àgbà pariwo, "Bàbá Mojí, má bèèrè! Wọn kì í bèèrè!" Bàbá mi ò tilẹ̀ yíjú. Bọ̀dá Làmídì ṣì wà nílẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ó wo Màmá Àgbà bí ẹni tó ń tọrọ àyè, Màmá Àgbà fi ìborùn bo ojú, kò sì sọ pé rárá.

"Ó bèèrè yín, Ọ̀gá. Ojú ẹ̀ là nígbà tílẹ̀ ń ṣú. Ó ní ibo lẹ wà. Mo ní ẹ ti wà lójú ọ̀nà."

"Mi ò tíì gbéra."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Inú ẹ̀ dùn. Ó ní kí n pè yín, kí n sọ fún yín kẹ́ ẹ rọra máa bọ̀, pé ọ̀nà yẹn ò dáa. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn, Ọ̀gá. Kò sọ nǹkan míì. Kò bínú."

Màmá fìdí jókòó sórí pèpéle. Ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó pa á. Ọwọ́ bàbá mi ń wá nǹkan tó máa dì mú, ó wá di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Takie tó ò ń lọ yẹn, ṣé ó jìnnà síbi tó wà?"

"Kò jìnnà. Bí mo bá lọ kí ìyá mi, ẹsẹ̀ ni mo máa ń fi rìn débẹ̀. Mo máa ń ro koríko ibẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ nílé yìí ni."

Mo rò pé bàbá mi máa bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Màmá náà rò bẹ́ẹ̀, ó sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ Bọ̀dá Làmídì méjèèjì mú, ó fà á dìde.

"Máa lọ nígbà náà," ó ní. "Máa lọ, ọmọ mi, kí ẹnì kan lè wà nítòsí ẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì náà sínú kẹ̀kẹ́. Màmá dìde, ó wá, ó gbá Bọ̀dá Làmídì mọ́ra, n kò sì mọ ohun tí ó wí fún un, nítorí ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ náà dún, ó yí lọ sí ọ̀nà Owódé. N kò ní purọ́ pé bàbá mi di ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì. Ó rẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì rẹ gbogbo wa. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré sí i, Sísì Ràsídà náà lọ sílé ọkọ, a kò sì wo eré Ọ̀gá Ìdòwú dé ìparí, n kò mọ bóyá ó tún bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àṣà ò jẹ́ kí bàbá mi lọ sí ojú oórì yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ò sì gbé e mọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, á pè é padà lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Bá mi yà ní ṣọ́ọ̀bù Làmídì. Sọ fún un kó bá mi sọ fún ọmọ náà pé mo ti wà lójú ọ̀nà."